Ajá Tí Yóò Sọnù àti Fèrè Tí Kò Gbọ́

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí: ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A ń fi bá ọmọ alágídí wí, a sì ń fi kìlọ̀ fún olóyè tó kọ ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n kó tó di òwe, ọ̀rọ̀ ajá gidi ni, nínú igbó gidi, lẹ́nu ọdẹ tó dúró lẹ́sẹ̀ òkè, tó fọn fèrè títí ilẹ̀ fi ṣú, tó sì dá nìkan padà sílé. Ní ilẹ̀ Okun, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kabba lọ dé Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà, ọ̀rọ̀ náà kò tíì di àfiwé lásán. Àwọn ọdẹ wa ṣì ń kó ajá lọ sígbó lẹ́yìn tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti jó koríko. Àgbẹ̀ ṣì ń mú ajá lọ sóko iṣu nítorí ọ̀yà. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ ọdẹ sì ń bá àwọn agbófinró ṣọ́ igbó nítorí àwọn ajínigbé, ajá tó máa ń padà wá láìjẹ́ pé a pariwo kò sí lára ohun ìgbádùn mọ́.

Orí ajá ni òwe náà da gbogbo ẹ̀bi sí. Èmi fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti ìhà kejì. Bí ajá bá gbọ́ fèrè tí kò wá, kí ló wà nínú fèrè náà fún un? Àwọn ọdẹ, àwọn olùkọ́ ajá àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti dáhùn ìbéèrè yìí, ìdáhùn wọn kò sì bára mu. Mẹ́rin ni mo kó jọ síhìn-ín. N ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, n ó sì sọ èyí tó bá ajá wa àti ilẹ̀ wa mu.

Ajá wo là ń sọ?

Ajá ìbílẹ̀ là ń sọ: ajá tẹ́ẹ́rẹ́, onírun kúkúrú, tí etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn, tó pupa bí yanrìn odò tàbí tó dúdú tó ní funfun láyà. Àwọn ará ìlú ńlá ń pè é ní ekuke, bí ẹni ń bú u ni wọ́n sì ń pè é. Ẹni tó fowó ńlá ra Alsatian tàbí Rottweiler a máa rò pé ajá tòun ló gbọ́n, pé òpè tí kì í gbọ́ràn ni ti ìbílẹ̀.

Ìwádìí kò ti irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ní 2009, Adam Boyko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò DNA àwọn ajá abúlé láti Íjíbítì, Ùgáńdà àti Nàmíbíà jáde. Wọ́n rí i pé àwọn ajá abúlé ilẹ̀ Áfíríkà kan wà, ní Ùgáńdà àti Íjíbítì pàápàá, tí wọn kì í ṣe àmúlùmálà ajá òyìnbó. Ìran tiwọn ni wọ́n ní. Ní 2018, àwọn mìíràn ṣàyẹ̀wò ajá ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì rí àmì nínú ìran wọn pé ara wọn ti kọ́ bí a ti ń bá kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru jà. Ilẹ̀ wa ló mọ ajá yìí, ó sì mọ ọ́n fún ohun tí ilẹ̀ ń fẹ́: kó wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, kó fura, kó sì pinnu láìdúró de àṣẹ.

Ìbátan rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù ni basenji, ajá ọdẹ ilẹ̀ Kóńgò, tí kì í gbó bí ajá yòókù. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń so agogo mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tó wà, bí àwọn ọdẹ tiwa ṣe ń so ṣaworo mọ́ tiwọn. Ní 1937 wọ́n gbé e hàn ní Crufts, ìpàtẹ ajá ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òyìnbó sì ti kọ nípa rẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun tí wọ́n kọ́ lára rẹ̀ wúlò fún wa.

Alágídí ni, àbí aláròjinlẹ̀?

Ní 1994, Stanley Coren gbé ìwé kan jáde lórí ọgbọ́n ajá. Ó bi nǹkan bí 200 adájọ́ ìdíje ìgbọ́ràn ajá léèrè, ó sì fi èsì wọn to irú ajá lẹ́sẹẹsẹ. Basenji wà ní ipò 78 nínú 79. Ajá Afghan nìkan ló tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á, wọ́n ní ajá yìí kò lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ajá ṣe ń yára ṣe ohun tí ènìyàn ní kó ṣe ni àwọn adájọ́ wọ̀n. Kò sí ẹni tó wọ̀n bóyá ó lè gbọ́ ìrìn ọ̀yà nínú koríko, kó gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kó sì lé e bọ́ sójú ọdẹ láìsí ẹni tó kọ́ ọ.

Ìdáhùn tó túbọ̀ jinlẹ̀ ti Budapest wá ní 2009. Márta Gácsi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn irú ajá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a fi bí wọn. Àwọn kan, bí ajá darandaran tó ń da àgùntàn, ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ojú lára ènìyàn. Àwọn mìíràn, bí ajá tó ń lépa ẹran tàbí tó ń ṣọ́ agbo, ń ṣiṣẹ́ níbi tí ojú ènìyàn kò dé. Nígbà tí ènìyàn nawọ́ sí ibi tí oúnjẹ wà, àwọn ti àkọ́kọ́ tẹ̀lé ìka rẹ̀ ju àwọn ti ìkejì lọ. Ajá méjèèjì ló lóye. Ibi tí kálukú ń wò ló yàtọ̀.

Ẹ̀rí kẹta dàgbà ju méjèèjì lọ. John Paul Scott àti John Fuller fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ irú ajá márùn-ún ní Bar Harbor ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1965. Basenji wà lára wọn. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn ọmọ basenji ń sá fún ènìyàn, wọ́n sì ń géni jẹ bí a bá há wọn mọ́ igun, bí ọmọ ẹranko ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn ń gbé wọn, tó ń fọwọ́ kàn wọ́n, kíá ni wọ́n tù lójú. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ló jẹ́ kó yé ayé pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá ń pinnu ẹni tó jẹ́ ará rẹ̀.

Bí a bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, àwòrán ajá wa yóò yọ. Ó ń gbọ́ ìpè wa. Ó ń fi ìpè náà wé ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń yan èyí tó níye lórí. Ẹni tó bá fẹ́ kó padà gbọ́dọ̀ wọnú ìṣirò yẹn.

Ìdáhùn àwọn ọdẹ

Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í ju ọmọ ajá sígbó kó lọ dá kọ́ ọ. Ajá àgbà ni yóò mú un rìn, kó rí bí a ṣe ń lọ àti bí a ṣe ń bọ̀. Ọwọ́ ọdẹ ló ń ti jẹun. Ṣaworo ọrùn rẹ̀ ń sọ ibi tó wà, nítorí náà ọdẹ kò ní máa pè é lásán ní gbogbo ìgbà. Fèrè náà sì ní ọgbọ́n nínú. Ohùn ènìyàn máa ń yí padà bí inú bá ń bí i. Ajá á gbọ́ ìbínú náà kó tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Fèrè kò ní ìbínú. Ohùn tó tinrín sì rọrùn fún etí ajá láti gbá mú, torí pé ìró tí ajá lè gbọ́ ga dé nǹkan bí 45,000 Hz, nígbà tí tiwa kò kọjá 20,000.

Òwe mìíràn tún wà: ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Òun náà jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ìpè. Ajá tó mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn òun yóò máa bojú wẹ̀yìn. Bíbojú wẹ̀yìn yìí, tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ rẹ̀, ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìpadàbọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà àwọn ọdẹ ní àbùkù méjì. Àkọ́kọ́ ni pé orí ẹran tí ajá bá pa ni èrè ti ń wá. Bí ọ̀yà bá ṣubú, ajá á gba ìfun. Bí fèrè bá dún, ìgbẹ́ ti parí, ilé ló kàn. Lójú ajá, lílé ẹran ní owó, pípadà ni òpin ìdùnnú. Lẹ́yìn ọdún kan, fèrè ti di agogo ìparí ọjà, ta ló sì ń sáré lọ pàdé ìyẹn?

Èkejì wà nínú orúkọ. Yorùbá máa ń sọ ajá lórúkọ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, bí Tanímọ̀la. Àwọn ará wa Baatonu, tó pààlà pẹ̀lú wa ní Benin àti ní Kwara, sọ èyí di iṣẹ́ ọnà: Wendy Schottman kọ ní 1993 nípa bí wọ́n ṣe ń fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí wọ́n lè tipa pípe ajá sọ ohun tí wọn kò lè sọ sójú ẹlòmíràn. Àṣà tó dára ni, n kò ní kí a jù ú nù. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a ń pè sí etí aládùúgbò ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́, tí ohunkóhun kì í tẹ̀lé, yóò di ariwo lásán létí ajá. Kó ní orúkọ tirẹ̀, kó sì tún ní ìpè tí kì í ṣe orúkọ.

Ìdáhùn pàṣán àti iná

Àwọn kan ní ìyà ló ń kọ́ ajá. Nílé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ajá sá lọ, a pè é títí, ó padà dé lẹ́yìn wákàtí kan, a sì nà án. Ọ̀nà yìí kò ní àtìlẹ́yìn kankan. Ajá kì í so ìyà mọ́ ohun tó ṣe ní wákàtí kan sẹ́yìn; ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ ló ń so ó mọ́. Ohun tó sì ń ṣe lọ́wọ́ ni pé ó padà wá. Pípadà gan-an la nà án fún. Ìwádìí tí Hiby, Rooney àti Bradshaw ṣe láàárín àwọn tó ní ajá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2004, rí i pé ajá àwọn tó ń lo èrè ń gbọ́ràn ju ti àwọn yòókù lọ, àti pé ibi tí ìyà pọ̀ sí ni ìwà tó ń dani láàmú pọ̀ sí.

Ní òkè òkun, pàṣán ti di kọ́là oníná, èyí tó ń gbé mànàmáná sí ajá lọ́rùn láti ọ̀nà jíjìn. Nípa èyí, ìwádìí méjì ló yẹ kí a gbé wò, nítorí wọn kò sọ ohun kan náà. Ní 2020, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Lincoln gbé èsì jáde lórí ajá 63 tí ìṣòro wọn jẹ́ pé wọn kì í padà bí a bá pè wọ́n tàbí pé wọ́n ń lé ẹran ọ̀sìn. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta: kọ́là oníná lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn oníkọ́là yàn, àwọn olùkọ́ kan náà láìsí kọ́là, àti àwọn olùkọ́ tó gbájú mọ́ èrè. Àwọn ajá tó gba èrè ló yára gbọ́ràn, ìpè díẹ̀ ni wọ́n sì nílò. Kọ́là kò mú àǹfààní kankan wá tí èrè kò mú wá.

Ní 2024, Anamarie Johnson àti Clive Wynne ti Arizona lo ajá 19 tó ń lé ohun kan tí ẹ̀rọ ń fà sáré. Níbẹ̀, kọ́là oníná ló dá àwọn ajá dúró. Àwọn tí a fún ní oúnjẹ ń lé e lọ. Àwọn alátakò wọn sọ pé àkókò tí a fi kọ́ àwọn ajá oúnjẹ kéré jù. Òtítọ́ ni mo rò pé ó wà níbẹ̀: bí ajá bá ti wọnú eré lílé, oúnjẹ tí kò tíì di àṣà sí i lára kò lè fà á padà. Ìyẹn kò sọ mànàmáná di ohun tó yẹ kí a mú wá sí Kabba. Wales ti fòfin de kọ́là náà láti 2010. Ajá tó bá sì gba iná níbi tí ewúrẹ́ tàbí ọmọdé dúró sí lè so ìrora náà mọ́ ewúrẹ́ tàbí ọmọdé.

Ìdáhùn èrè

Àwọn olùkọ́ èrè sọ pé kí ìpè máa sọ fún ajá pé ohun rere ń bọ̀, nígbà gbogbo, títí yóò fi máa yí padà kó tó ronú. Èmi gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ràn wọn ni a kọ fún ajá tó ń wo ojú ènìyàn. Ajá tiwa kì í fi gbogbo ara wá nítorí pé a fọwọ́ pa á lórí. Erica Feuerbacher àti Wynne fi hàn ní 2012 pé oúnjẹ ń mú ajá ṣiṣẹ́ ju ìfọwọ́pani lọ. Èrè tó tóbi jùlọ fún ajá adánúrò sì tún wà níwájú: òmìnira rẹ̀. Pè é, fún un ní ẹja gbígbẹ, kí o sì tú u sílẹ̀ padà. Bí fèrè bá dún ní ìgbà mẹ́wàá nínú ìgbẹ́, kó padà sínú ìgbẹ́ ní ìgbà mẹ́sàn-án. Báyìí ni àbùkù ọdẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò ṣe tán: fèrè kò ní jẹ́ ìparí ọjà mọ́.

Ìdáhùn àwọn tó ní kí a má tú u

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin basenji ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà sọ gbangba pé kí a má bọ́ okùn lọ́rùn rẹ̀ níbi tí kò sí ọgbà. Ó lè dà bí ìjuwọ́sílẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ń mú kí ajá sún mọ́ ìpadàbọ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ tó lè sọ pé kò ní kùnà láéláé. Ojú ọ̀nà Lokoja sí Kabba, tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì láti Ọ̀bàjànà ń gbà, kò fi àyè ìkùnà ẹ̀ẹ̀kan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ọjà, àti àgbàlá tí ewúrẹ́ wà. Kí okùn wà níbẹ̀. Kí abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi sì ṣáájú gbogbo ìtúsílẹ̀, nítorí nínú ènìyàn 100 tí àrùn náà bá mú, ajá ló kó o ran nǹkan bí 99.

Ohun tó bá ilẹ̀ wa mu

Bí mo bá pa ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ohun tí n ó sọ fún ọdẹ tàbí àgbẹ̀ Kabba nìyí.

Bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ajá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ọ̀sẹ̀ kejìlá tó kọjá. Yan ìró fèrè kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má fi ṣeré. Fọn ọ́n, kí o sì gbé oúnjẹ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, mú ohun tí kì í rí jẹ nígbà mìíràn dání: ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́ tàbí ìfun adìẹ sísè. Ẹ̀bà tó wà nínú abọ́ rẹ̀ láàárọ̀ kò lè bá ọ̀yà díje.

So okùn gígùn bíi mítà 10 mọ́ ọn, kí ìdí okùn máa wọ́ nílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá, lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí kò sí ènìyàn, lẹ́yìn náà ọ̀nà oko, lẹ́yìn náà ibi tí o ti ń wo ewúrẹ́ lókèèrè, kí o tó dé ibi ìgbẹ́. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ìgbésẹ̀ rẹ ló ga jù. Padà sẹ́yìn. Kì í ṣe dandan kí àgbẹ̀ tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ okùn yìí lójoojúmọ́: ní 2008, Iben Meyer àti Jan Ladewig rí i pé àwọn ajá tí a kọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nílò ìjókòó tó kéré ju ti àwọn tí a kọ́ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ.

Má ṣe pè é láti nà án, láti wẹ̀ ẹ́ tàbí láti so ó mọ́lẹ̀. Bí nǹkan wọ̀nyí bá di dandan, rìn lọ bá a. Bí ó bá sì ń sá, má ṣe lé e, torí eré lo sọ ọ́ dà yẹn. Kọ ẹ̀yìn sí i kí o sáré lọ sí ìhà kejì. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn kì í fẹ́ kí ẹni náà lọ.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ẹ̀kọ́ tó ti yọrí lè dà bí ẹni pé ó bàjẹ́. Ìwádìí Lucy Asher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2020 fi hàn pé ní ọjọ́ orí yìí, ajá kì í gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu tó bí ó ṣe ń ṣe ní oṣù márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ti àlejò. Ọ̀dọ́ ni. Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ ń sọ pé ajá àwọn ti burú, tí wọ́n sì ń gbé pàṣán. Okùn gígùn ni kí o gbé, kí o sì mú sùúrù.

Mọ ilẹ̀ tí o dúró lé. Òkè tó yí Kabba ká máa ń dá ìró padà, ajá lè gbọ́ fèrè kó má mọ ìhà tó ti wá. Bọ́ síbi gbangba, fọn ọ́n, dúró, kí o tún fọn ọ́n, kí o má sì máa yí ibi tí o wà padà. Lásìkò òjò, tí koríko bá ga ju orí ènìyàn lọ, ajá kò lè rí ọ. Má ṣe tú ajá tí kò tíì dá ọ lójú sílẹ̀ títí ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi dé.

Kò sí ohun tó wọ́n nínú gbogbo èyí. Fèrè kan, okùn kan, ẹja díẹ̀, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ tí a kò fọn fèrè lásán.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí a máa pa òwe náà lọ, ó ti pẹ́ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó dúró lẹ́sẹ̀ òkè lálẹ́, tí ajá rẹ̀ kò tíì dé, kò nílò òwe lákòókò yẹn. Ìbéèrè kan ló nílò, èmi ì bá sì fẹ́ kó bi ara rẹ̀ léèrè ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, ní àgbàlá rẹ̀, nígbà tí ajá ṣì kéré: ìgbà tí mo fọn fèrè yìí kẹ́yìn, kí ni ajá mi rí gbà?